Ojú Tí Kò Yára

Òkúta náà gba ojú fèrèsé wọlé, ó fọ́ gíláàsì yángá, ó sì balẹ̀ sáàárín àwọn ègé ẹ̀rọ tí Ìyá Olójé tò sórí tábìlì. Kò pariwo. Ó gbá àfọ́kù kúrò lórí iṣẹ́ rẹ̀, ó wo ẹ̀jẹ̀ tó yọ lórí ìka rẹ̀, ó fi ẹnu fà á mu, ó sì tún gbé irin gbígbóná tó fi ń yọ́ òjé.

"Wọ́n ti dé," ni àbúrò rẹ̀ sọ láti abẹ́ tábìlì.

"Wọn ò tíì dé. Ọjọ́ Sátidé ni Bùrọ̀dá ń bọ̀. Eléyìí, wọ́n kàn fi ń kí wa ni. Jáde níbẹ̀, o ò rí ara ẹ bí ẹni tó ń wá eku."

Kékeré rá jáde. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn, tó wá rí ẹni tó ń jẹ́ ẹ, á rẹ́rìn-ín, torí ọkùnrin gàgàrà ni, ó máa ń tẹrí ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Àbíkẹ́yìn ìyá wọn ni, orúkọ ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ ló sì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Dùùrù alátẹ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú owó kó tó rà wà láyà rẹ̀. Ó gbé e wọ abẹ́ tábìlì nígbà tí òkúta dé, ó sì ti gbàgbé orí ara rẹ̀ síta.

"Àǹtí, ẹ tú u," ló wí, ó gbé dùùrù náà síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Mi ò tú nǹkan kan."

"Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ojú-iná tó wà nínú ẹ̀ ló dáa jù."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ pé mo máa tú u."

Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Yàrá iwájú ni Ìyá Olójé ti ń tún rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti ṣájà ṣe. Òórùn òjé tó ń yọ́ ló mú káwọn oníbàárà sọ ọ́ lórúkọ. Lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ páànù, ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣe sálúbàtà. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń gé rọ́bà. Irin ni orí rẹ̀, tó bá já lu abẹ, abẹ á gé rọ́bà bí ẹní gé búrẹ́dì. Bọ́tìnì méjì ni wọ́n kọ́ mọ́ ọn, ọ̀kan fún ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan fún ọwọ́ òsì, kí ẹni tó ń lò ó má bàa ní ọwọ́ kankan tó máa kì bọ abẹ́ rẹ̀. Ọkọ Ìyá Olójé ní ìyẹn ń fi àkókò ṣòfò. Ó yọ bọ́tìnì, ó fi pẹ́dààlì sí i. Láti ìgbà náà, òun ló ń to rọ́bà àti abẹ, á yọ ọwọ́, á ní "Ó yá!", Kékeré á sì tẹ pẹ́dààlì. Iṣẹ́ wọn yá débi pé àwọn oníbàárà máa ń dúró wò wọ́n.

Lọ́jọ́ tí nǹkan dojú rú, Kékeré sọ fún un láàárọ̀ pé òun fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, òun fẹ́ lọ máa tẹ dùùrù jẹun. Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọ́ ọ létí lójú àwọn oníbàárà. Kékeré di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wọn gbọ́: "Ọwọ́ tẹ́ ẹ fi gbá mi yìí, kò ní gbá ẹlòmíì mọ́." Kí oòrùn tó kan àtàrí, orí ẹ̀rọ já lu ọwọ́ náà. Kò sẹ́ni tó sọ pé "Ó yá." Kékeré ní òun bẹ̀rẹ̀ ni, òun ń ṣa ègé rọ́bà nílẹ̀, ẹsẹ̀ òun kò sí nítòsí pẹ́dààlì. Ta ló máa gbà á gbọ́? Àwọn dókítà gé ìyókù ọwọ́ náà níbi ọrùn ọwọ́.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ Ìyá Olójé, tí gbogbo wọn ń pè ní Bùrọ̀dá, ajórinmọ́rin ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ẹ̀yìnkùlé wọn, ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n. Ó gbé irin gígùn kan wá lọ́jọ́ tí wọ́n gé ọwọ́ àbúrò rẹ̀, ó ní ọwọ́ lòun máa fi gba ọwọ́. Ìyá Olójé wólẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀, ó ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ bi ẹ̀rọ náà léèrè ọ̀rọ̀. Bùrọ̀dá fún un di Sátidé. Bí ẹ̀rọ bá jẹ̀bi, kò sí ìjà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó má dá sí ohun tí òun bá fẹ́ ṣe.

Ohun tí Ìyá Olójé máa fi bi ẹ̀rọ léèrè ló ń tò pọ̀ lórí tábìlì yẹn. Ó sọ ọ́ ní Olófòófó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa ṣọ́ ọ̀pọ̀ wáyà lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì máa ya ìlà wọn sójú kọ̀ǹpútà: bí iná bá wọ wáyà, ìlà á gòkè, bí iná bá jáde, ìlà á sọ̀ kalẹ̀. Bí nǹkan kan bá ń rán ẹ̀rọ níṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni wà lórí pẹ́dààlì, Olófòófó á tú u síta.

Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti rí àwòrán rẹ̀, àmọ́ ìdajì ohun tí àwòrán náà bèèrè kò sí nílùú. Ó bá ń wá àrọ́pò. Ègé tó ń gba iná lẹ́nu wáyà tó sì ń tì í síwájú, ó rí irú mìíràn nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó ti kú. Ó yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rí i pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ó sì yọ ọ́. Ègé tó ń dín agbára iná kù, kò rí èyí tó ṣe wẹ́kú, ó so méjì pọ̀. Ègé tó ń jẹ́ kí iná lọ síwájú tí kì í jẹ́ kó padà, ó ní i rẹpẹtẹ nínú agolo, àmọ́ gbogbo wọn ló sanra tí wọ́n sì ya ọ̀lẹ. Ó dà wọ́n nù, ó lọ tú inú tẹlifíṣọ̀n kó tó rí èyí tó yára. Bó ṣe ń yẹ̀ wọ́n wò, bí ìyá tó ń yan ìyàwó fún àkọ́bí rẹ̀ ni.

Ó wá ku ojú-iná. Ohun dúdú kan tí kò tó èékánná ni. Iná bíńtín ń tàn ní apá kan inú rẹ̀, ojú sì ń wo iná náà láti apá kejì, kí agbára ẹ̀rọ ńlá má bàa ráyè kọjá wá jó ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ ọ. Èyí tó wà nínú ṣájà pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí iyanrìn, àmọ́ kò yára. Èyí tó yára, ibì kan ṣoṣo ló mọ̀ pé ó wà: inú dùùrù àbúrò rẹ̀, níbi tí wáyà orin ti ń wọlé.

"Pátákó inú ẹ̀ ti gbó," ló sọ fún Kékeré. "Tí mo bá fi irin gbígbóná kàn án, ó lè sán, kò sì ní dún mọ́ láéláé. Kí lo máa wá fi jẹun? Àbí o rò pé wọ́n tún máa gbà ẹ́ pa dà sídìí rọ́bà?"

"Àǹtí, tí ọjọ́ Sátidé bá lọ bẹ́ẹ̀, ẹnu wo ni mo máa fi jẹun?"

"Pẹ́dààlì ló há, èmi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Pẹ́dààlì tó há kì í sáré. Ojú tó wà nínú ṣájà máa rí i." Ó ti dùùrù náà pa dà sí i láyà. "Máa gbé e lọ. Kí n tó fọwọ́ ara mi ba ayé ẹ jẹ́."

Ó mú ojú-iná ṣájà, ó sì jó o mọ́ ibi tó yẹ.

Nígbà tó gbé oúnjẹ wọlé fún ọkọ rẹ̀, ó bá a tó jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ibi tí báńdéèjì parí sí.

"Ta lò ń jà fún?" ni ọkọ rẹ̀ bi í.

"Mo fẹ́ mọ òótọ́ ni."

"Òótọ́ ti wà níwájú ẹ. Ó ní ọwọ́ yìí ò ní gbá ẹlòmíì mọ́, ṣé ó tún ń gbá ẹlòmíì?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun."

"Àbúrò ẹ sọ mí di aláàbọ̀ ara, o jókòó sí iwájú ilé, ò ń fi irin tọ́ wáyà!" Ó dìde, ó sì gbá a létí. Ọwọ́ tó ti gé ló fi gbá a. Ó ti gbàgbé. Báńdéèjì ba egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀, ọkùnrin náà ké bí ẹran tí wọ́n ń dúńbú, ó wó lu àwo oúnjẹ, ó ń yí nílẹ̀. Ìyá Olójé dì í mú títí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Ó nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin yìí. Ó sì ń bẹ̀rù rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, Bùrọ̀dá dé pẹ̀lú irin rẹ̀. Ó kí gbogbo wọn dáadáa, ó tiẹ̀ béèrè omi mu. Wọ́n gbé àga fún ọkọ Ìyá Olójé lábẹ́ páànù. Kékeré fẹ̀yìn ti ògiri. Ìyá Olójé pa mọ́tò tó ń ti orí ẹ̀rọ, ó fi igi gbè é lẹ́sẹ̀, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kó tún já lu èèyàn. Ọpọlọ ẹ̀rọ nìkan ló fi iná sí. Ó so Olófòófó mọ́ àwọn wáyà rẹ̀, ó sì gbé kọ̀ǹpútà sórí àpótí níbi tí gbogbo wọn á ti rí i.

"Gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà ni kó ṣiṣẹ́," ló wí. "Fáànù. Iná. Bùrọ̀dá, ẹ ní kí òṣìṣẹ́ yín máa jó irin lọ."

Bùrọ̀dá pariwo gba orí ògiri. Lódìkejì, irin ń bù yẹ̀rì, ó ń ta páràpárà. Ìlà tó wà lójú kọ̀ǹpútà tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìyá Olójé mi pẹ́dààlì, kò há. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ìlà gòkè. Ó gbé ẹsẹ̀, ìlà sọ̀ kalẹ̀. Ó tún dúró. Irin ń ta lódìkejì ògiri. Ìlà tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Kí ló wí, ìyàwó?" ni Bùrọ̀dá béèrè.

"Ẹ jẹ́ ká tún dúró díẹ̀."

Wọ́n dúró. Ó ti dúró sáàárín Bùrọ̀dá àti Kékeré látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ló sì rí i pé kò ṣèèṣì dúró síbẹ̀. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Ó ń tẹjú mọ́ ìlà náà, ó ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn rẹ̀ pé kó jọ̀wọ́ kó gbéra.

"Ìyàwó, mo bi ẹ́ léèrè."

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," ló sọ. Ohùn rẹ̀ kò jọ ti èèyàn.

"Ṣé ẹ̀rọ ló ṣe é, àbí ẹ̀rọ kọ́?"

Ó bojú wẹ̀yìn, ó wo Kékeré. Ọ̀rọ̀ tó sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà ló bọ́ sí i lọ́kàn, ọ̀rọ̀ ọwọ́ tí kò ní gbá ẹlòmíì mọ́. Ó wo kọ̀ǹpútà. Ó sì gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yà.

Irin náà kọ́kọ́ bà á lórúnkún. Kékeré wó, ó ń pariwo, "Àǹtí! Àǹtí!" Ó gbé ọwọ́ méjèèjì bo orí, irin sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ lé ọwọ́ náà, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, egungun ìka ń ró bí igi ìdáná tí wọ́n ń ṣẹ́. Bùrọ̀dá kò pariwo, kò bú u, ó ń mí sókè sódò bí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí ọwọ́ wálẹ̀, irin ba ẹnu. Eyín fò jáde, ó yí lọ sábẹ́ ẹ̀rọ. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ta sí ṣòkòtò ọkọ Ìyá Olójé lọkùnrin náà tó dìde lórí àga.

"Ẹ̀gbọ́n, ó tó. Ẹ̀gbọ́n! Ó ti tó!"

Nígbà tó ti ọ̀dọ̀ àwọn dókítà dé lọ́jọ́ kejì, Ìyá Olójé jókòó sídìí tábìlì iwájú. Ẹ̀jẹ̀ àbúrò rẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn láṣọ. Kò mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó kàn nawọ́ tan rédíò oníbàárà kan, torí ilé náà dákẹ́ jù. Ẹnì kan ń ka ìròyìn. Lójijì, rédíò ha gààrà, ó jẹ ọ̀rọ̀ mọ́ ọkùnrin náà lẹ́nu. Ó dákẹ́, ó tún ha. Ìyá Olójé na ọwọ́ láti pa á, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lófuurufú. Lẹ́yìn ògiri, òṣìṣẹ́ Bùrọ̀dá ń jó irin. Bí irin bá ti ta, rédíò á ha.

Rédíò tó wà níwájú ilé gbọ́ ọ. Wáyà ẹ̀rọ tó ń gé rọ́bà, èyí tó fara ti ògiri yẹn, ńkọ́? Báwo ni kò ṣe ní gbọ́ ọ? Ó gbọ́ ọ. Ọpọlọ ẹ̀rọ náà gbọ́ ọ, torí ó yára, ó sì rò pé ẹsẹ̀ ti tẹ pẹ́dààlì. Olófòófó nìkan ni kò rí i. Ohun tó kọjá náà yára ju kí èèyàn ṣẹ́jú lọ, ojú ṣájà kò sì tíì là tán tó fi kọjá.

Ó fi orí gbá tábìlì. Ó tún fi gbá a. Ó sunkún débi tí kò fi lè mí. Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá Kékeré, ó gbé dùùrù jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Pátákó inú rẹ̀ sán bó ṣe rò pé ó máa sán. Ó yọ ojú-iná náà, ó fi rọ́pò ti ṣájà, ó sì lọ pe ọkọ rẹ̀.

"Ẹ wá."

"Mi ò fẹ́ rí nǹkan kan mọ́."

"Ẹ máa wá, àbí kí n wọ́ yín jáde." Kò sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí i rí. Ọkùnrin náà tẹ̀ lé e.

Ó tú wáyà pẹ́dààlì kúrò nílẹ̀ láìjá a lára ẹ̀rọ, ó sì gbé pẹ́dààlì fúnra rẹ̀ kọ́ sára ìṣó lókè ògiri. Ó yọ igi kúrò lábẹ́ orí ẹ̀rọ, ó tẹ́ rọ́bà, ó gbé abẹ lé e. Lọ́tẹ̀ yìí, ó tan mọ́tò. Ó ní kí ọkọ rẹ̀ dúró jìnnà. Lódìkejì ògiri, wọ́n gbọ́ ohùn Bùrọ̀dá fúnra rẹ̀, ó ń bá oníbàárà kan sọ̀rọ̀ gèètì. Lẹ́yìn náà, irin ta.

Ìlà kan tó tín-ín-rín bí irun nàró sójú kọ̀ǹpútà.

"Kí nìyẹn?" ni ọkọ rẹ̀ béèrè.

"Ẹ̀gbọ́n yín ni."

Irin tún ta. Irun mìíràn dìde. Ó tún ta. Orí ẹ̀rọ wárìrì díẹ̀, kò já. Ọkùnrin náà ń wo kọ̀ǹpútà, ó ń wo ògiri, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Irin ta lẹ́ẹ̀kan sí i, orí ẹ̀rọ sì já, gbì! Ilẹ̀ mì. Abẹ gé rọ́bà náà sí méjì mọ́nránmọ́nrán. Pẹ́dààlì wà lórí ìṣó.

Ọkọ Ìyá Olójé wo pẹ́dààlì náà pẹ́. Ó wo báńdéèjì rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì gbé òòlù ńlá tó wà nílẹ̀, ó sì kọ lu ẹ̀rọ náà. Ó gbá a lórí, ó gbá a láyà, ó ń ké ní gbogbo ìgbà tó ń gbá a, títí epo fi ń tú jáde lára rẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀. Bùrọ̀dá sáré wọlé pẹ̀lú ìbòjú ajórinmọ́rin lórí, ó ní kí ló dé, ṣé wọ́n ti ya wèrè ni. Àbúrò rẹ̀ ju òòlù náà mọ́ ọn. Díẹ̀ ló kù kó ba orí rẹ̀.

"Ìwọ ni!" ló ń pariwo. Ó ti gbàgbé pé ẹ̀gbọ́n ni. "Ìwọ lo gé mi lọ́wọ́! Ìwọ náà lo tún lọ ṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ!"

Nígbà tí Ìyá Olójé fi kọ̀ǹpútà hàn án, tó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, Bùrọ̀dá jókòó sínú epo tó tú sílẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Ìyá Olójé lọ sí ọsibítù. Wọ́n ti di ọwọ́ Kékeré méjèèjì sínú funfun títí dé ìgúnpá. Ẹnu rẹ̀ wú. Dókítà ti sọ fún un pé àwọn ìka kan á ṣiṣẹ́, àwọn kan kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ìyá Olójé ro gbogbo ọ̀rọ̀ fún un látòkè délẹ̀: rédíò, ojú-iná, irun tó ń dìde lójú kọ̀ǹpútà. Kékeré ń wo òkè àjà.

"Dùùrù mi ńkọ́?"

"Mo tú u. Ó sán."

"Mo ní kẹ́ ẹ tú u ṣáájú."

"O sọ bẹ́ẹ̀."

Ó yí orí sí i. Ọ̀rọ̀ ń jò gba ibi tí eyín ti yọ. "Àǹtí, ojú yẹn ò rí i, mo gbà. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ wò mí, ẹ sì yà fún wọn."

Ó lè sọ pé ojú-iná ló tàn òun, àmọ́ àwọn méjèèjì ló mọ̀ pé ojú-iná kọ́ ló gbé ẹsẹ̀.

"Mo yà," ló wí.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Bùrọ̀dá ni. Ó gbé oúnjẹ nínú abọ́, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún, ó sì wọ aṣọ tó mọ́. Kékeré rí i. Gbogbo ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fẹ́ fi àwọn ọwọ́ funfun náà bo orí, kò lè gbé wọn.

Ìyá Olójé dìde. Ó lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Ìyàwó, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀," ni Bùrọ̀dá wí. Ó ti kúnlẹ̀ síbẹ̀, lójú àwọn nọ́ọ̀sì, àgbàlagbà bíi tiẹ̀. "Yà fún mi, kí n lè bẹ ọmọ yìí fúnra mi. Jọ̀ọ́. Yà."

"Ẹ dìde, Bùrọ̀dá. Ẹ máa gbé oúnjẹ yín lọ sílé."

"Ṣé títí láé ni?"

"Títí di ìgbà tí òun bá fi ẹnu ara ẹ̀ pè yín."

Ọkùnrin náà kò lọ. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ọbẹ̀ ń tutù nínú abọ́. Ìyá Olójé fi ọwọ́ kan di òpó ilẹ̀kùn mú, ó fi èkejì di òdìkejì, ó sì dúró síbẹ̀ títí ó fi gbọ́ pé mímí àbúrò rẹ̀ ti ń rọlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.